Kí pọ́ǹpù àpótí ẹja tó wọlé, ẹ ronú bí yóò ṣe jáde

Ìgbà tí iná bá dé ni èèyàn máa ń mọ̀ bóyá pọ́ǹpù òun mọ́. Pọ́ǹpù kékeré tí à ń rì sínú omi, èyí tó ń gbé omi láti inú sump, ìyẹn àpótí kejì nísàlẹ̀ tí omi ń sọ̀ kalẹ̀ sí, padà sókè sínú àpótí dígí, lè máa ṣiṣẹ́ lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù pẹ̀lú èérí nínú, kí ó má sì fi hàn rárá. Ohun tó ń yí nínú rẹ̀ kò ju òòfà kan tó gbé abẹ̀bẹ̀ kékeré dání, tó wà lórí ọ̀pá seramíìkì tínínrín. Nígbà tó bá ti ń yí, eré tó ti ń sá bọ̀ ló ń gbé e lọ, èérí díẹ̀ kò lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n agbára tó fi ń gbéra kéré púpọ̀. Kí iná lọ fún ìgbà díẹ̀, kí èérí funfun bí ẹfun àti yanrìn tó wà láàárín òòfà àti ògiri ilé rẹ̀ há a mọ́lẹ̀: iná yóò dé, pọ́ǹpù yóò máa kùn, omi kò ní gòkè.

Ní ìlú tí iná kì í lọ, ó lè pẹ́ kí èèyàn tó mọ̀ pé pọ́ǹpù ti dọ̀tí. Ní Ìbàdàn níbí, iná lè lọ kí ó dé, kí ó tún lọ, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìgbà tó bá sì dé ni pọ́ǹpù tún máa gbéra láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé bí a ṣe so pọ́ǹpù mọ́ páìpù ṣe pàtàkì ju irú pọ́ǹpù tí a rà lọ. Èyí tó bá ṣòro yọ, a kì í fọ̀ ọ́. A ó ní ó di Sátidé, Sátidé á dé, a ó rántí pé àfi kí a gé páìpù, a ó tún sún un síwájú. Àwọn ẹja tó wà nínú omi tí kò rìn ni yóò sì jìyà rẹ̀, nítorí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà nínú asẹ́, tí wọ́n ń bá wa jẹ ìdọ̀tí ẹja, ń kú bí omi tó ní afẹ́fẹ́ kò bá kọjá lára wọn.

Àpótí mi gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, ó fẹ̀ ní 45, ó ga ní 50. Bí ó bá kún dé etí, lítà 270 ni. Sump rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ rẹ̀, 90 ní 35 ní 40. Kribensis ni mo ń sìn, Pelvicachromis pulcher, ẹja wa ni, láti inú odò apá gúúsù Nàìjíríà níbí àti Kamẹrúùnù. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Yúróòpù ti ń sìn ín sínú ilé, tí wọ́n sì ń tà á. Ó máa ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ọ́n, tí a ń ná owó lórí ẹja tó ti òkè òkun wá. Bí abo rẹ̀ bá fẹ́ yé ẹyin, ikùn rẹ̀ á pọ́n bí ìgbà tí wọ́n fi osùn kùn ún. Àtakọ àtabo wọn ló sì fẹ́ràn láti máa wa yanrìn kúrò lábẹ́ òkúta kí wọ́n lè rí ihò yé ẹyin sí. Yanrìn kíkúnná tí wọ́n ń rú sókè yìí ló ń bá omi sọ̀ kalẹ̀ sínú sump, tó sì ń wọ inú pọ́ǹpù. Kànrìnkàn tó wà ní ẹnu tí pọ́ǹpù fi ń fa omi ń dá púpọ̀ rẹ̀ dúró, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, lọ́dọ̀ tèmi, yíyọ pọ́ǹpù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbà tó bá bàjẹ́. Iṣẹ́ ilé ni.

Nígbà tí a fẹ́ so ó, plọ́mbà wa, ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, fẹ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ páìpù láti ẹnu pọ́ǹpù títí dé òkè. Ó ní, "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, kò ní jò láéláé." Mo ní mo gbà pé kò ní jò, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa yọ ọ́ bí ẹ kò bá sí nílé? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó yẹ ká fi yúníọ̀nù sí i nìyẹn," ìyẹn ìsopọ̀ páìpù tó ṣeé tú láìgé páìpù. Páìpù inú ògiri ló mọ́ ọn lára, èyí tí à ń ṣe lẹ́ẹ̀kan tí a kì í padà dé ìdí rẹ̀. Ti àpótí ẹja yàtọ̀.

Bí a ṣe tò ó nìyí, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹnu pọ́ǹpù ni àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni họ́ọ̀sì rọ́bà kúkúrú tí kò ju ìka ọwọ́ lọ ní gígùn, tí kílípù dè lórí àti nísàlẹ̀. Họ́ọ̀sì yìí ni kò jẹ́ kí gbígbọ̀n pọ́ǹpù gba inú páìpù líle lọ sára kọ́bọ́ọ̀dù. Bí kò bá sí, gbogbo pálọ̀ ni yóò máa kùn lóru. Lẹ́yìn họ́ọ̀sì ni yúníọ̀nù. Lókè yúníọ̀nù ni fáàfù wà, irú èyí tó ní bọ́ọ̀lù nínú, tí a ń yí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré tó fi ń tì. Lókè fáàfù ni páìpù ti ń lọ tààrà sókè.

Fáàfù gbọ́dọ̀ wà lókè yúníọ̀nù. Bí a bá gbé e sísàlẹ̀, nígbà tí a bá tú yúníọ̀nù, gbogbo omi tó wà nínú páìpù yóò tú sí wa lápá. Páìpù oní-íǹṣì kan tó gùn ní mítà kan àbọ̀ ń gba nǹkan bíi sẹ̀ǹtílítà 70 omi, bí ìgò omi mímu kan. Ìyẹn nìkan kọ́: bí ẹnu páìpù lókè bá ṣì wà nínú omi, àpótí fúnra rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà wálẹ̀. Tí fáàfù bá wà lókè tí a ti tì í, ohun tó máa kán kò lè rẹ aṣọ ìnuwọ́ kan.

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn yúníọ̀nù ni pé ojú méjèèjì rẹ̀ pẹrẹsẹ. A kò ní láti gbé páìpù òkè sókè rárá. A tú nọ́ọ̀tì ńlá rẹ̀, a fa pọ́ǹpù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti jáde. Òrùka rọ́bà tó wà láàárín ojú méjèèjì ló ń dá omi dúró, kì í ṣe agbára ọwọ́. Nítorí náà ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi dì í. Sípánà á kàn sán nọ́ọ̀tì ni. Ẹ fi gírísì sílíkóònù díẹ̀ pa òrùka náà lára. Ẹ má fi jẹ́lì ìpara tí wọ́n fi epo rọ̀bì ṣe, ó lè mú irú rọ́bà kan wú kí ó má bọ́ sí ojú ihò rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá sì ń ṣe é lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ ti nọ́ọ̀tì yẹn bọ ara páìpù kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù kan ẹnu yúníọ̀nù. Bí gọ́ọ̀mù bá ti gbẹ, kò tún sí ibi tí yóò gbà wọlé, páìpù gígé ló kù.

Ibi tí ẹ gbé e sí náà ṣe kókó. Tèmi ga ju etí sump lọ díẹ̀, ó sì wà níwájú, níbi tí ọwọ́ méjèèjì ti lè yí ká a láìsí pé mo kúnlẹ̀ kí n ti orí bọ kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ti rí ilé kan tí wọ́n gbé yúníọ̀nù tó dára sí ẹ̀yìn, láàárín dígí àti pákó, tí ìka kò lè dé ibẹ̀. Bí kò sí ló rí.

Wáyà náà ńkọ́? Èyí ni mo rí i pé àwọn èèyàn kì í rò. Wọ́n á tú páìpù tán, wọ́n á wá rí i pé wáyà pọ́ǹpù gba inú ihò tóóró kan tí púlọ́ọ̀gì kò lè kọjá, tàbí pé wọ́n ti fi okùn rọ́bà dè é mọ́ wáyà iná àpótí. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́nu mẹ́ta tiwa tóbi. Mo ní kí káfíńtà lu ihò tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 6, kí púlọ́ọ̀gì lè gbà á kọjá. Mo sì jẹ́ kí wáyà náà rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kí ó tó gòkè lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi tó bá ń tẹ̀ lé wáyà lè kán sílẹ̀ níbẹ̀, kí ó má bàa wọ inú iná.

Ẹ má ra fáàfù onídẹ, bó ti wù kó dán tó. Bàbà wà nínú idẹ, bàbà sì jẹ́ májèlé fún edé àti ìgbín inú omi. Oníke ni kí ẹ rà. Ẹ má sì jẹ́ kí páìpù kéré ju ẹnu pọ́ǹpù lọ: ti pọ́ǹpù mi jẹ́ tirí-kọ́tà, oní-íǹṣì kan ni páìpù mi. Níbi tí páìpù ti ní láti yí, ẹ́líbò méjì tó tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sàn ju ọ̀kan tó ṣẹ́ kọ́ńdọ́ lọ, omi ń rọrùn gbà níbẹ̀. Iye lítà tí wọ́n kọ sára páálí pọ́ǹpù, ìgbà tí omi kò gun ibì kankan ni. Bí ó bá ti ń gun òkè, ó ń dín kù. Bí omi bá wá pọ̀ jù, fáàfù yẹn náà lẹ lè fi dín in kù. Ẹnu tó fi ń tú omi jáde ni kí ẹ ti dín in, kì í ṣe ẹnu tó fi ń fà.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí ọ̀rọ̀ omi tó ń fà padà nígbà tí iná bá lọ, torí pé ojoojúmọ́ ni tiwa. Sẹ̀ǹtímítà 1 omi nínú àpótí mi jẹ́ lítà 5.4. Ẹnu páìpù mi wọ omi ní sẹ̀ǹtímítà 3. Bí iná bá lọ, omi yóò máa fà wálẹ̀ títí ẹnu náà yóò fi fa afẹ́fẹ́, ìyẹn lítà 16 àti díẹ̀, omi inú sump yóò sì fi bíi sẹ̀ǹtímítà 5 ga sí i. Mo fi sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀ lófo lókè sump, ọkàn mi balẹ̀. Ká ní ẹnu páìpù wọ omi ní sẹ̀ǹtímítà 15 ni, lítà 81 ni yóò sọ̀ kalẹ̀, sump yóò kún kọjá etí, ilẹ̀ pálọ̀ ni ìyókù yóò wà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹnu páìpù rẹ̀ jìn, kí ó lu ihò kékeré kan sára páìpù náà ní ìsàlẹ̀ ojú omi díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ wọlé. Ìgbín máa ń dí i, èérí aláwọ̀ ewé náà máa ń dí i, nítorí náà ẹ máa nù ún. Àwọn kan á ní kí ẹ ra fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà. Emi kò gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹyọ yanrìn tàbí ọmọ ìgbín kan ti tó láti há ẹnu rẹ̀ ní ṣíṣí, ẹ kò sì ní mọ̀ títí iná yóò fi lọ.

Fífọ̀ rẹ̀ kò le. Yọ púlọ́ọ̀gì kí ọwọ́ tó kan omi. Ti fáàfù, tú yúníọ̀nù, gbé pọ́ǹpù sínú abọ́. Inú abọ́ ni mo ti ń tú u, kì í ṣe lójú síńkì, torí rọ́bà kékeré méjì wà ní orí àti ìdí ọ̀pá seramíìkì yẹn, ihò síńkì sì lè gbé wọn mì. Ẹ fa abẹ̀bẹ̀ náà jáde tààrà, ẹ má tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, seramíìkì kì í tẹ̀, ṣíṣẹ́ ló ń ṣẹ́. Omi ìlàjì, fíníkà ìlàjì, ẹ rẹ ẹ́ sínú rẹ̀ títí èérí funfun yẹn yóò fi rọ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín bọ inú ihò òòfà, ẹ ṣàn án dáadáa.

Àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ti mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí mo rìnrìn àjò lọ sí Abẹ́òkúta, ó pè mí lálẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, iná ti dé, omi ò gòkè." Kí n tó ronú ohun tí mo máa sọ, ó ní òun ti ti fáàfù, òun ti ń yọ ọ́. Pọ́ǹpù kejì wà nínú dúrọ́ọ̀, tí họ́ọ̀sì àti ìdajì yúníọ̀nù ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó kàn yí i mọ́ ibẹ̀ ni. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú èyí, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà ni kí ẹ ti ra yúníọ̀nù méjèèjì, nítorí ìdajì ti ẹlòmíràn kì í sábà bá a mu.

Ẹnìkan bi mí nípa pọ́ǹpù tí kì í wọ inú omi, èyí tó ń jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sump. Ìyẹn nílò fáàfù méjì àti yúníọ̀nù méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, torí pé omi sump náà yóò tú jáde bí ẹ bá tú ẹnu tó fi ń fà. Ó dára fún ẹni tó ń sin ẹja àrọ̀ nínú táǹkì ńlá níta. Nínú pálọ̀, èmi kò lè gbé e sílẹ̀, nítorí bí rọ́bà ìdí ọ̀pá rẹ̀ bá jẹ, ilẹ̀ ni omi ń dà sí.