Olè Ti Mọ Ilé Kó Tó Wọ̀ Ọ́: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Ààbò Àdúgbò n'Ìbàdàn

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹgbẹ́ onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn sínú ìgbìmọ̀ ààbò, mo kí yín kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí ní àdúgbò wa ní Àpáta, láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ ilé ibí ṣì wà ní búlọ́ọ̀kù lásán. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ìròyìn lolè máa ń wá kó tó wá irinṣẹ́. Ta ló ń gbé ibẹ̀? Ìgbà wo ni wọ́n ń jáde? Ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ? Fèrèsé wo ni kò ní irin? Oníjìbìtì orí fóònù náà, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń wá. Bí ẹ bá ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, ẹ ó máa ṣọ́ géètì nígbà tí owó ará àdúgbò ń gba orí fóònù lọ.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fọ́ ilé. Nínú ẹjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa níbí, èyí tó pọ̀ ò ṣẹlẹ̀ láàárín òru rárá. Ọjọ́ Sátidé tí gbogbo ilé wọ aṣọ ẹbí lọ sóde ìnáwó ni, tàbí àárọ̀ Sọ́ńdè tí àdúgbò ti ṣófo nítorí ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí tó bá sì ṣẹlẹ̀ lóru, òru òjò ńlá ni, tí ariwo rẹ̀ lórí páánù ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ nǹkan. Wọ́n á rí ilẹ̀kùn iwájú tó ní kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta, wọn ò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń gbà: fèrèsé kékeré ilé ìwẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò rò pé èèyàn lè gbà wọlé, tàbí kí wọ́n ṣí páánù méjì, kí wọ́n já àjà, kí wọ́n sì bọ́ sínú yàrá.

Tí ẹ bá dé ilé àwọn èèyàn, ẹ fọwọ́ mi prótẹ́kítọ̀ fèrèsé wọn wò. Èyí tí wọ́n kàn fi síkúrù kéékèèké dè mọ́ ara férémù, ẹni tó ní irin ìjánǹkan lọ́wọ́ ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Èyí tó dáa ni èyí tí wẹ́dà jó ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ irin tó wọnú búlọ́ọ̀kù kí wọ́n tó rẹ́ ògiri. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ìbẹ̀rù olè mú yín gbàgbé iná. Mo bẹ̀ yín, kí irin fèrèsé kan ó kéré tán nínú ilé kọ̀ọ̀kan ṣeé ṣí láti inú, kí gbogbo ará ilé títí dé orí ọmọdé mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà, kí ọwọ́ ẹni tó dúró níta má sì lè tó o. Iná ti pa odindi ìdílé mọ́ inú ilé tí wọ́n fi irin sé lójú gbogbo.

Kọ́kọ́rọ́ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọṣẹ lásán ni wọ́n fi ń gba àwòrán rẹ̀: wọ́n á tẹ kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọṣẹ, wọ́n á dá a padà síbi tó wà, wọ́n á sì lọ gbẹ́ òmíì. Ayálégbé tó bá kó jáde, kí onílé pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ kí ẹlòmíràn tó kó wọlé. Kó ṣe bẹ́ẹ̀ náà nígbà tí bíríkìlà àti kápẹ́ńtà bá parí iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọdẹ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ẹ máa san owó ọdẹ lásìkò. Ọdẹ tí ẹ jẹ lówó oṣù méjì, ebi ń pa á, òun ló sì mọ ilé tí jẹnẹrétọ̀ wà, òun ló mọ ẹni tó rìnrìn àjò. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Kí ẹ tó gbà á síṣẹ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ wo NIN rẹ̀, ẹ lọ fojú rí ibi tó ń gbé, kí ẹ gba onídùúró tí ẹ̀yin fúnra yín lè dé ilé rẹ̀, kí ẹ sì mú orúkọ rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Tó bá ní ìbọn, ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìbọn náà. Bí ọdẹ ṣe ń lu òpó iná ní wákàtí wákàtí ń fi ará ilé lọ́kàn balẹ̀, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n olè náà ń gbọ́ ọ, ó sì ń fi mọ ibi tí ọdẹ wà. Ọdẹ tó bá ń gba ojú ọ̀nà kan náà ní aago kan náà lóròòru ti fún olè láyè. Ẹ kọ́ ọ kó máa yí ọ̀nà padà: kó lù ú ní ìkòríta, kó dákẹ́, kó sì gba ẹ̀yìn ilé yọ.

Géètì tí à ń tì lálẹ́ ńkọ́? Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Aboyún tó ń rọbí ò lè dúró de ẹni tó ti sùn lọ. Kí ẹ̀dà wà nílé méjì tó sún mọ́ ọn.

Ó wá kan ti fóònù. Ẹni tí kò gbọ́ irú ìpè tí àwọn oníjìbìtì máa ń pè rí ni wọ́n máa ń rí mú, torí náà ẹ sọ ọ́ fún àwọn ìyá wa bó ṣe máa ń rí gẹ́lẹ́. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni. “Ẹ káàárọ̀ mà. Láti báńkì yín ni. BVN yín ti ní ìṣòro, wọ́n fẹ́ ti àkáǹtì yín pa lónìí, ìdí nìyẹn tí mo fi tètè pè yín.” Àwọn oníjìbìtì á pe orúkọ àwọn ìyá wa pé, wọ́n á ka nọ́ńbà àkáǹtì wọn, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, láìṣì. Ibẹ̀ lọkàn ti ń balẹ̀ pé báńkì ni lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nọ́ńbà àkáǹtì kì í ṣe àṣírí, gbogbo ẹni tó ti fowó ránṣẹ́ sí wọn rí ló ní i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá sọ pé: “Nọ́ńbà kan ń wọlé sórí fóònù yín báyìí mà, ẹ bá mi kà á.” OTP nìyẹn, òun ni wọ́n fi ń gbé owó jáde. Kò sí òṣìṣẹ́ báńkì tó máa béèrè rẹ̀, kò sì sí èyí tó máa béèrè PIN. Ọdún 2014 ni Báńkì Àpapọ̀ gbé BVN kalẹ̀, àwọn oníjìbìtì ò sì yéé fi dẹ́rù ba àgbàlagbà. Gbólóhùn kan péré ni kí ẹ kọ́ àwọn ìyá wa: “Màá wá sí báńkì fúnra mi.” Kí wọ́n sọ ọ́, kí wọ́n sì pa fóònù.

Nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp ń fi ránṣẹ́ fún ẹni tó fẹ́ ṣí i sórí fóònù náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Kí ẹ sì bá wọn fi PIN sórí síìmù wọn. Olè tó jí fóònù lè má lè ṣí i, ṣùgbọ́n ó lè yọ síìmù rẹ̀ sínú fóònù míì kó sì máa fi kóòdù báńkì kówó. Ọ̀pọ̀ báńkì ló ní kóòdù tí wọ́n fi ń ti àkáǹtì pa láti orí fóònù ẹlòmíì. Orí bébà ni kí wọ́n kọ ọ́ sí nílé, kì í ṣe inú fóònù tí olè máa gbé lọ.

Àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń wá yàrá ní Àgbówó tàbí lágbègbè Poli, ẹ kìlọ̀ fún wọn. Ẹ̀jẹ́ǹtì kan lè gba owó yàrá kan náà lọ́wọ́ ẹni mẹ́rin kó sì pa fóònù rẹ̀. Kí wọ́n rí onílé lójúkojú, kí wọ́n sì bi ayálégbé tó wà níbẹ̀ léèrè kí wọ́n tó sanwó.

Ohun tó ń ran oníjìbìtì lọ́wọ́ jù ni ìtìjú. Mo mọ ìyá kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n kó owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Kò sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó ń bẹ̀rù pé wọ́n á ní òun ti darúgbó jù láti mú fóònù dání. Nígbà tí ọ̀rọ̀ máa fi jáde, owó ti gba àkáǹtì kan bọ́ sí òmíì, ó ti tán. Ká ní ó pariwo ní wákàtí yẹn, báńkì ṣì lè dá owó dúró níbi tó dé. Torí náà, ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ yín, ẹ má bú u, ẹ má bi í pé kí ló dé tó fi gbà wọ́n gbọ́. Ẹ bá a pe báńkì lójú ẹsẹ̀, ẹ bá a kọ̀wé, kí ẹ sì tẹ̀ lé e dé ọ́fíìsì EFCC ní Ìyágankú. Ẹni tí ẹ bá fi ọ̀wọ̀ gbà á, òun náà ló máa kìlọ̀ fún ilé mẹ́wàá mìíràn.

Bí ọwọ́ bá tẹ afurasí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé táyà jáde. Mo ń fi tọkàntọkàn sọ èyí. Wọ́n ti lu aláìṣẹ̀ pa lórí ariwo “olè!” lásán, ẹni tó bá sì pa afurasí, apànìyàn ni lójú òfin. Òfin fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ kékeré mú ọ̀rọ̀ náà: nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò níhà gúúsù, ẹni tó fọ́ ilé láti jalè lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 14, tó bá sì jẹ́ lóru, ó lè di ẹ̀wọ̀n gbére. Láti aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni òfin náà ń pè ní òru. Ẹ dì í mú, ẹ dáàbò bò ó, kí ẹ pe ọlọ́pàá tàbí Amọ̀tẹ́kùn, tí wọ́n ṣí níbí n'Ìbàdàn lóṣù kìíní ọdún 2020.

Ìwé ìgbìmọ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Nọ́ńbà pàjáwìrì 615 ti ìpínlẹ̀ wa wà nínú rẹ̀, 112 náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, àti ti ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa pe àwọn nọ́ńbà náà wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, torí wọ́n máa ń gbé DPO kúrò, àwọn ayálégbé sì máa ń yí nọ́ńbà padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni.