Ìlú tí wọ́n fi rúlà fà
Ní Bẹẹrẹ n'Íbàdàn tí wọ́n bí mi sí, orúkọ agboolé lèèyàn fi ń mọ̀nà. Àlejò á kí ìyá alákàrà, ìyá á bi í léèrè ẹni tó ń wá, á ní kó yà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ọmọdé kan á sì mú un dé ẹnu ọ̀nà. Ní Philadelphia, l'Amẹ́ríkà, tí mò ń gbé báyìí, nọ́ńbà ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí wọ́n bá ní ilé 912 ní òpópónà Walnut, àárín òpópónà kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé, mo lè rìn láti àárọ̀ di alẹ́ kí n má ṣìnà, kí n má sì kí ẹnì kankan. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọdún 1682 ni William Penn, òyìnbó tó dá ìlú yìí sílẹ̀, ní kí Thomas Holme, awọnlẹ̀ rẹ̀, fà á lélẹ̀ láàárín odò Delaware àti Schuylkill. Penn kò gbàgbé àjàkálẹ̀ àrùn tó pa àwọn ará London lọ́dún 1665, àti iná tó jó ìlú náà lọ́dún kejì. Ó fẹ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan dá dúró láàárín ọgbà tirẹ̀, kí iná má baà ràn láti òrùlé dé òrùlé. Ó fi gbàgede márùn-ún sílẹ̀ fún tẹrú-tọmọ.

Àwọn ará ìlú kò gbà. Etí Delaware ni ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, ibẹ̀ lowó wà, ibẹ̀ ni gbogbo wọn rọ́ sí. Wọ́n gé ilẹ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n la ọ̀nà tóóró sẹ́yìnkùlé, wọ́n kọ́lé bíríkì tó fara ti ara. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà náà, Elfreth's Alley, ṣì wà níbẹ̀, ilé méjìlélọ́gbọ̀n ló wà lójú rẹ̀. Orúkọ alágbẹ̀dẹ kan ló ń jẹ́. Nígbà tí wọ́n sọ èyí fún mi, agboolé wa ní Bẹẹrẹ ni ọkàn mi lọ tààrà.

Ilé tí mo háyà jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní Trinity, Mẹ́talọ́kan: yàrá kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lórí rẹ̀, ọ̀kan lókè pátápátá. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lọ́ bí ìkarahun ìgbín, èjìká mi méjèèjì ń kan ògiri. Lọ́jọ́ tí mo kó dé, bẹ́ẹ̀dì mi kò gbabẹ̀ kọjá. Ojú fèrèsé la fi okùn fà á gbà. Bàbá tó ń gbé òdìkejì rí mi láti yàrá rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi di okùn mú. Ká ní bí Penn ṣe fẹ́ ni wọ́n kọ́lé wa, ọgbà rẹpẹtẹ láàárín, kò ní rí mi. Òun ni mo kọ́kọ́ ń kí láràárọ̀ báyìí.