Àwọ̀ ara ta ni wọ́n ń pè ní "skin"?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ránṣọ ẹ mọ skin net, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn tá a máa ń fi sí àyà gáàùn kó lè dà bíi pé ara oníbàárà ló hàn. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣílé ìránṣọ ní Badagry ńbí, mi ò gé skin net rí láìkọ́kọ́ fi lé ọwọ́ ẹni tó máa wọ̀ ọ́, torí skin tẹnì kan kì í ṣe tẹlòmíì. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ sọ́jà Agbálatà lọ ra tights fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kí wọ́n fún mi ní skin, àwọ̀ òyìnbó pọ́ńbélé ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́, mo sì rà á torí òun náà ni wọ́n ní.

Ọmọ yẹn wọ̀ ọ́, ó wolẹ̀ títí, ó ní, "Àǹtí, ẹsẹ̀ ta nìyí?"

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án o. Fídíò Anthony Madu ló wò lórí fóònù mi, ọmọ Ajangbadi tó jó ballet, ijó òyìnbó tí wọ́n máa ń fi orí ìka ẹsẹ̀ jó, nínú òjò láìwọ bàtà lọ́dún 2020, ojú títì Badagry wa yìí náà lèèyàn máa gbà débẹ̀. Àtìgbà yẹn ló ti ń dúró lórí ìka ẹsẹ̀ káàkiri ilé.

Ìbéèrè ẹ̀ ò kúrò lọ́kàn mi, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, Janet Collins, oníjó aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́ ṣì ni nígbà yẹn, lọ jó fún ẹgbẹ́ oníjó ballet tó ń jẹ́ Ballet Russe de Monte Carlo kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní àwọn á gbà á àmọ́ ó gbọ́dọ̀ máa kun ojú ẹ̀ ní funfun. Ó kọ̀! Lọ́dún 1951 Metropolitan Opera, ilé eré ńlá kan, gbà á ní New York pẹ̀lú awọ tí Ọlọ́run fún un, ó sì di olórí oníjó ballet wọn.

Ti bàtà ló wá ká mi lára jù. Pink ni wọ́n ń ṣe bàtà pointe, bàtà tí wọ́n fi ń dúró lórí ìka ẹsẹ̀, kó lè bá ẹsẹ̀ òyìnbó mu, kí ẹsẹ̀ lè dà bíi pé ó gùn látìbàdí dé ìka. Tó o bá dúdú tó o wọ pink, ṣe ló máa dà bíi pé wọ́n gé ẹ lẹ́sẹ̀ lọ́rùn ẹsẹ̀. Èmi télọ̀, ó yé mi dáadáa. Ìyẹn làwọn aláwọ̀ dúdú ṣe máa ń jókòó fi fọndéṣọ̀n kun bàtà, wọ́n á kùn ún wọ́n á sá a, bẹ́ẹ̀ ẹlòmíì ń jó bàtà kan gbó lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, lọ́la kó tún máa kun òmíì, owó ara ẹ̀ ló sì fi ń ra fọndéṣọ̀n. Fífò nìkan làwọn èèyàn ń rí tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìforítì wọn.

Dance Theatre of Harlem, ẹgbẹ́ oníjó ballet àwọn aláwọ̀ dúdú ní New York, tí Arthur Mitchell àti Karel Shook dá sílẹ̀ lọ́dún 1969, ti ń jẹ́ kí oníkálukú wọ àwọ̀ ara ẹ̀ láti bí àádọ́ta ọdún. Misty Copeland, oníjó aláwọ̀ dúdú, ti di olórí oníjó ní American Ballet Theatre lọ́dún 2015. Síbẹ̀ ọdún 2018 ni Freed ti London, tó ti ń ṣe bàtà láti 1929, ṣẹ̀ṣẹ̀ bá Ballet Black, ẹgbẹ́ oníjó aláwọ̀ dúdú ní London, ṣe pointe aláwọ̀ brown. 2018 o!

Lálẹ́ àná mo se Lipton, mo jẹ́ kó dúdú kìjikìji, mo rẹ tights yẹn sí i. Láàárọ̀ yìí mo pe ọmọ náà, mo fi lé ọwọ́ ẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe fún oníbàárà. Kò tíì dúdú tó. Mo ti dá a padà sínú omi.