Ní oríta lóru àná
Aago méjì òru kọjá díẹ̀ ni ìpè dé: ilé ń jó. Àwa panápaná tiwa kì í gbowó, a yọ̀ǹda ara wa ni. Iná orí ọkọ̀ ń kọ mọ̀nà, fèrè ń han gooro. Bí a ṣe dé oríta tí iná pupa ti tàn, awakọ̀ wa tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró pátápátá. Ara mi ò balẹ̀. Ilé ń jó o! Àfi fìrì, ọkọ̀ kékeré kan gba iwájú wa kọjá, gíláàsì rẹ̀ tì pa. Kò gbọ́ wa rárá. Fèrè kì í la ọ̀nà, ńṣe ló ń tọrọ ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin awakọ̀, tí ẹ bá rí wa, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí a débẹ̀, ìyá kan dúró lójú títì láìwọ bàtà, ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà.