Tọ́ọ̀gì

Adó-Èkìtì, alẹ́ Sátidé.

Bí ìbò bá ti ń sún mọ́lé ní Èkìtì, ọ̀rọ̀ kan kì í kúrò lẹ́nu àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Tọ́ọ̀gì da ìpàdé rú. Tọ́ọ̀gì já àpótí ìbò gbà. Lónìí ni mo jókòó wádìí ibi tí orúkọ náà ti ṣẹ̀ wá.

Íńdíà ni, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó sọ ọ́ di thug, tí àwa náà fi sọ ọ́ di tọ́ọ̀gì. Nínú èdè Híńdì, thag ni wọ́n ń pe ẹlẹ́tàn, ẹni tí àwa ń pè ní gbájúẹ̀. Àwọn onímọ̀ èdè sì tọ ìdí rẹ̀ dé ọ̀rọ̀ Sanskrit kan tó jẹ mọ́ kéèyàn fi nǹkan pamọ́. Àwọn thag tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé nípa wọn kì í yọ àdá síni. Wọ́n á pàdé arìnrìn-àjò lọ́nà, wọ́n á kí i tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n á bá a jẹun, wọ́n á jọ máa lọ. Ìgbà tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀ tán ni wọ́n á fi aṣọ fún un lọ́rùn pa, wọ́n á sì bò ó mọ́lẹ̀. William Sleeman, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣáájú àwọn tó dọdẹ wọn. Ní 1836, ìjọba amúnisìn ṣòfin pé ẹni tó bá ti bá wọn ṣẹgbẹ́, ẹ̀wọ̀n gbére ni. Àwọn òpìtàn kan ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì bù mọ́ ìtàn náà, èmi náà sì fura bẹ́ẹ̀: ẹni tó fẹ́ jọba lórí ilẹ̀ onílẹ̀ á fẹ́ kí aráyé gbà pé ọ̀daràn ló kún ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n tiwa kì í fi ara pamọ́. Ní oṣù kẹjọ 1983, tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n kéde pé Akin Ọmọ́boríowó ló wọlé gómìnà. Àwọn èèyàn ní wọ́n yí ìbò ni. Ilé jó, ẹ̀mí ṣòfò, kí ilé ẹjọ́ tó dá ipò náà padà fún Adékúnlé Ajáṣin, gómìnà tó wà lórí oyè. Ohun tí màmá mi máa ń sọ nípa àwọn tó gbé bẹntiróòlù kiri nígbà náà ni pé, "Ọmọ àdúgbò ni wọ́n. A mọ ìyá wọn."

Ẹni tí a kò mọ̀ ni ẹni tó rán wọn. Òun ló ń rẹ́rìn-ín sí wa, tó ń pín ìrẹsì, tó ń jókòó síwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì àti níbi ìsìnkú. Tí a bá fẹ́ lo orúkọ náà bí àwọn tó ni ín ṣe ń lò ó, òun gan-an ló yẹ. Ó ń dùn mí pé àwọn ọmọ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ nìkan ni à ń fi pè. Bí rédíò bá tún ní tọ́ọ̀gì kọlu ìpàdé kan, kí wọ́n sọ fún wa ẹni tó sanwó ọkọ̀ tó gbé wọn débẹ̀.