£27 tó fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ báńkì ní London níbí. Ní 2022 èmi àti baba Tèmi fẹ́ ra ilé, a ti dá àjọ títí a fi kó owó deposit jọ, àfi bí broker tó ń bá wa wá mortgage (owó tí báńkì ń yáni fi ra ilé) ṣe pè mí lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan tó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní default lọ́rùn o." Default bíi báwo? Èmi tí mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀!

Fún ẹni tí kò bá mọ̀, default ni kí báńkì kọ ọ́ sílẹ̀ pé o jẹ gbèsè, o ò san, ọ̀rọ̀ ẹ ti sú àwọn. Ọdún mẹ́fà gbáko ló máa ń lò lórí credit file (àkọsílẹ̀ bí èèyàn ṣe ń yá owó tó sì ń san án), bóo bá san gbèsè náà lọ́la gan-an ṣì ni, wọ́n á kàn kọ "satisfied" sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Mo wo Experian, mo wo Equifax, mo wo TransUnion, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú credit file (ọ̀fẹ́ ni kéèyàn wo tiẹ̀), ó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: £83. Ká má fọ̀rọ̀ gùn, credit card tí mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ sí Èkó ní 2019 nígbà ìsìnkú bàbá mi ni. Mo sì san án o! Mo tiẹ̀ fi sísọ́ọ̀sì gé káàdì náà sí méjì. Ṣé ẹ rí i, èlé ò dúró lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ statement (ìwé tó ń sọ iye téèyàn jẹ), títí dọjọ́ tí owó wọlé ló ń gùn, torí náà iye tí mo rí lórí ìwé ni mo san, £27 kù lẹ́yìn tí mi ò mọ̀. Wọ́n wá ń fi £12 owó ìtanràn lé e lóṣooṣù, ẹ̀ẹ̀mẹrin, èlé tún gun ìyẹn náà.

Oṣù tí mo san owó káàdì náà gan-an la kó kúrò ní Peckham lọ sí Thamesmead. Mo san owó fún Royal Mail kí wọ́n máa darí lẹ́tà wa wá sílé tuntun, ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ mi ni mo fi sí i, káàdì yẹn ní tiẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá mi, torí náà Peckham ni lẹ́tà tiẹ̀ ṣì ń lọ. Ẹ rí i báyìí?

Mo gba Peckham lọ ní Sátidé. Màmá Ìjẹ̀bú tó ń gbé ìsàlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ káàsán mà. "Ìyàwó! Àwa rò pé o ti gbàgbé wa." Wọ́n fa Ghana-must-go kan yọ lábẹ́ àtẹ̀gùn, lẹ́tà wa rèé, wọ́n fi rọ́bà dè é. Epo pupa ti ta sí èyí tó wà lókè, ojú fèrèsé kékeré tí orúkọ mi wà nínú ẹ̀ ti pọ́n. Mo já a lórí ìdúró: Default Notice, February 2020, wọ́n fún mi lọ́jọ́ mẹ́rìnlá kí n fi san. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Màmá lọ gbé omi wá.

Mo kọ́kọ́ lọ bá àwọn Experian, àṣìṣe nìyẹn, torí báńkì náà ni wọ́n máa bi léèrè, báńkì á ní òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ tán. Mo wá san £83 yẹn, mo kọ ẹ̀sùn sí báńkì fúnra wọn, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láti fi dáhùn, ọ̀sẹ̀ keje ni wọ́n dáhùn pé àdírẹ́sì tí àwọn mọ̀ ni àwọn fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí, kò sí ẹ̀bi lọ́rùn àwọn. Ká sòótọ́, òfin wà lẹ́yìn wọn níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kọ àlàyé sórí file, wọ́n fún èèyàn láyè igba ọ̀rọ̀. Mi ò kọ ọ́. Ta ló fẹ́ kà á?

Ohun tó gbà mí ni subject access request. Ọ̀fẹ́ ni, láàárín oṣù kan wọ́n gbọ́dọ̀ kó gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa ẹ fún ẹ. Ìwé náà pọ̀ bíi Bíbélì, èmi àti baba Tèmi ń kà á lóru lórí tábìlì ìdáná, ó kù díẹ̀ kí n sùn lọ tó fi pariwo "Òun nìyí!" September 2019, ìlà kan péré: oníbàárà pè, ó sọ àdírẹ́sì tuntun, ó ní kí wọ́n yí ti káàdì náà padà. Èmi náà ti gbàgbé pé mo pè! Current account mi tó ti di orúkọ ọkọ ni wọ́n yí padà, wọ́n fi káàdì sílẹ̀.

Mo fi ìlà yẹn ránṣẹ́ sí Financial Ombudsman (àwọn tó ń dá ẹjọ́ láàárín báńkì àti oníbàárà) kí oṣù mẹ́fà tí wọ́n ń fúnni lẹ́yìn èsì báńkì tó pé. Kò yá o, oṣù márùn-ún ni. Ẹni tó yẹ ẹjọ́ náà wò gbè mí, báńkì yọ default kúrò, wọ́n tún fi £150 tù mí nínú. Ilé tá a fẹ́ rà ní Plumstead ti bọ́, ẹlòmíì ti wà níbẹ̀, ó ti kun ilẹ̀kùn ẹ̀ ní búlúù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá Màmá Ìjẹ̀bú pè mí, "Ìyàwó, lẹ́tà ẹ kan tún dé o." Àyà mi já. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ já a, ẹ kà á sí mi létí. Wọ́n wá awò ojú wọn títí. Àwọn oníṣègùn ojú ni, wọ́n ní ó ti tó ọdún méjì, kí n wá yẹ ojú mi wò.