Honda CR-Z Onílẹ̀kùn Méjì Lójú Ọ̀nà Ìkòròdú sí Ìtòìkín

Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ Sátidé tó kọjá kò tíì lù tí mo fi kan ilẹ̀kùn Ẹ̀gbọ́n kan ní Ìtamágà, nítorí pé mo fẹ́ wa ọkọ̀ wọn wò kí àwọn kòròpe àti márúwá tó gba ojú títì. Honda CR-Z ni ọkọ̀ náà, ti ọdún 2011, onílẹ̀kùn méjì, tí wọ́n rà ní tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ tà á báyìí nítorí pé orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, ọkọ̀ náà sì lọ sílẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ dáadáa.

"Àbúrò, kọ́kọ́rọ́ rèé," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, fara balẹ̀ fún un."

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá irú ọkọ̀ yìí. Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Ìkòròdú ni mò ń gbé, ẹni tó bá sì mọ ọ̀nà yẹn mọ ohun tí Ọ̀gọ́lọ̀ntọ̀, Májídùn àti Máìlì Kejìlá ń fi ojú awakọ̀ rí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà epo kan sì kọjá 500 náírà ní Èkó kí oṣù keje ọdún náà tó parí, ni mo ti ń ṣírò iye epo tí ọkọ̀ ńlá ilé wa ń mu, tí mo sì ń rò ó pé kò bójú mu kí èmi nìkan ṣoṣo máa gbé ọkọ̀ ẹlẹ́ni méje lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ epo nìkan ló gbé mi dìde. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ wíwà. Peugeot 504 bàbá mi ni mo fi kọ́ ọ, mánúwà ni, kò sì sí ọkọ̀ ọtomátíìkì kan tí mo wà láti ìgbà náà tó dùn mọ́ mi lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ọkọ̀ hybrid, ìyẹn ọkọ̀ tó ń lo epo àti iná pa pọ̀, tí mo ti kà nípa wọn, CR-Z yìí ni àwọn tó ṣe é fún ní jíà mẹ́fà tí awakọ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí.

Ó yẹ kí n sọ irú hybrid tó jẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣì í mú. Toyota Prius, tó kọ́kọ́ jáde ní Japan ní ọdún 1997, lè fi iná nìkan rìn díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó dá sí i. CR-Z kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì oní lítà 1.5 ló ń wa ọkọ̀ yìí. Mọ́tò iná pẹlẹbẹ kan, tí agbára rẹ̀ kò ju kílówáàtì 10 lọ, ló wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti jíà tó ń ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti dúró rí ní etí omi ní Ẹ̀bútẹ̀, níbi tí àwọn ìyá wa ti máa ń pe ẹni tó bá ń kọjá lọ pé kó wá bá àwọn gbé agbọ̀n rù, yóò tètè lóye ohun tí mò ń sọ. Ẹni tó gbé agbọ̀n ru ìyá kò ní bá a rìn dé ọjà. Láti ilẹ̀ dé orí ni ibi tó le jù, ibẹ̀ ló ti nílò ọwọ́ kejì, nígbà tó bá sì dé ibi tó ń lọ, yóò tún nílò ẹni tí yóò bá a sọ̀ ọ́. Iṣẹ́ méjèèjì yẹn ni mọ́tò yìí ń ṣe. Bí ọkọ̀ bá ń gbéra, ó ń ti ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ó ń gba agbára tí ìbá ti di ooru lásán lára páàdì, ó ń sọ ọ́ di iná, ó sì ń dá a padà sínú bátìrì oní fóòtì (volt, òṣùwọ̀n iná) 100 tó wà lábẹ́ pátákó búùtù. Nítorí náà, ẹni tó bá ń retí pé kí ọkọ̀ yìí máa rìn jẹ́jẹ́ láìsí ìró ẹ́ńjìnnì yóò bínú sí i láìnídìí.

Honda fi àpẹẹrẹ rẹ̀ han aráyé ní Tokyo ní ọdún 2007, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Japan ní oṣù kejì ọdún 2010, wọ́n sì dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní ọdún 2016. Ìdí rẹ̀ tó gé bìrì, pẹ̀lú gíláàsì ẹ̀yìn tí wọ́n pín sí méjì lókè àti nísàlẹ̀, fi hàn pé ọmọ CRX ni, ọkọ̀ kékeré tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe láti 1983 títí di 1991. Èyí tí wọ́n tà ní Japan àti ní Yúróòpù ní ìjókòó kéékèèké méjì lẹ́yìn. Ti Amẹ́ríkà kò ní. Ibi ìkẹ́rù ni wọ́n fi dípò wọn. Ìyàwó mi ti béèrè lọ́wọ́ mi ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé, "Bàbá Ìbejì, níbo ni Táyé àti Kẹ́yìn máa jókòó?" Mo sì dá a lóhùn pé ọkọ̀ ńlá kò kúrò nílé, pé ọkọ̀ iṣẹ́ ni mò ń wá. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní kí n lọ wà á wò ná.

Mo jókòó, àga rẹ̀ sì gbá mi mú ní ìbàdí àti ní èjìká. Nígbà tí mo yí kọ́kọ́rọ́, n kò gbọ́ kìrìkìrì tí sítátà máa ń ké, nítorí pé mọ́tò iná yẹn kan náà ló ń jí ẹ́ńjìnnì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì jí i. Nọ́ńbà ńlá ni eré ọkọ̀ fi ń hàn láàárín dáṣíbọ́ọ̀dù, máìlì ló fi ń kà á, òrùka ìmọ́lẹ̀ kan sì yí i ká. Bí mo bá ń fẹ̀sọ̀ tẹ iná, òrùka náà á di àwọ̀ ewé. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, á di búlúù. Bọ́tìnnì mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn: ọ̀kan fún ìṣọ́wó-epo-ná, ọ̀kan fún ìrìn ojoojúmọ́, ọ̀kan fún eré, èyí tí wọ́n kọ Sport sí lára. Èyí tó wà fún ìṣọ́wó-epo-ná ni mo fi jáde ní Ìtamágà, jíà rẹ̀ sì wọlé wẹ́rẹ́ láti ìkíní sí ìkejì, ó kúrú lọ́wọ́, ó ń dáhùn pẹ̀lú ìró kékeré kan tí ọwọ́ ń gbọ́ kí etí tó gbọ́. Ó ti tó ogún ọdún tí ọwọ́ mi ti gbọ́ irú rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Lẹ́yìn Àdàmọ̀ ni ọ̀nà là gbọọrọ, ibẹ̀ ni mo sì ti tẹ bọ́tìnnì Sport. Òrùka náà pọ́n. Sítíárìn wúwo sí i lọ́wọ́ mi, iná tí mò ń tẹ̀ sì di ohun tó ń dáhùn kí n tó tẹ̀ ẹ́ tán. Típà eléyanrìn kan wà níwájú mi tó ń gun ibi tó ga díẹ̀ kí a tó dé Ìmọ̀tà, èéfín rẹ̀ sì dúdú. Mo wo iwájú, mo wo dígí, mo dá jíà padà láti ìkárùn-ún sí ìkẹta, mo sì tẹ iná. N kò ní sọ pé ọkọ̀ náà fò, nítorí pé ẹṣin 122 ni gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì àti mọ́tò rẹ̀ pa pọ̀, kì í sì í ṣe ọkọ̀ ìdíje. Ohun tó ṣe ni pé kò kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ kó tó lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹ́ńjìnnì kékeré mìíràn yóò ti ṣe. Ọwọ́ kejì yẹn ti gbé ẹrù rù ú kí ó tó mọ̀ pé ẹrù wà nílẹ̀. Ìlà inú dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń fi iye iná tó kù nínú bátìrì hàn wá láti mẹ́fà sí mẹ́rin bí mo ṣe kọjá típà náà, nígbà tí mo sì ń fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ bọ̀ ní ìyànà Ìtòìkín, mo rí i tí ìlà kan padà, tí èkejì sì tẹ̀ lé e. Inú mi dùn gidigidi. Dáṣíbọ́ọ̀dù kọ 39 máìlì fún gálọ́ọ̀nù kan, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi lítà 6 fún 100 kìlómítà, láìka eré tí mo sá sí.

Àléébù rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Irin tó pín gíláàsì ẹ̀yìn sí méjì bọ́ sí ibi tí iná iwájú ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ti yẹ kó hàn gan-an, igun ẹ̀yìn rẹ̀ sì nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kadà kan lè fara pa mọ́ síbẹ̀ láìjẹ́ pé awakọ̀ mọ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ gùn, ó nílò àyè kó tó ṣí. Ó sì lọ sílẹ̀: ẹ̀ẹ̀mejì ni abẹ́ rẹ̀ kan ilẹ̀ lójú ọ̀nà tí mo gbà padà, mo sì ti ń ronú nípa àdúgbò wa nígbà òjò.

Wíwà òwúrọ̀ nìkan kò tó mi. Mo bẹ Ẹ̀gbọ́n pé kí a tún gbé e jáde ní aago kan ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá ti le, kí a gbé e wọ inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Ọ̀gọ́lọ̀ntọ̀, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni màá ti máa lò ó. Wọ́n gbà, wọ́n sì jókòó tì mí. Nígbà tí ọkọ̀ dúró tí mo yọ jíà, ẹ́ńjìnnì kú fúnra rẹ̀, gbogbo inú ọkọ̀ sì pa rọ́rọ́ débi pé mo ń gbọ́ ohùn ọmọ tó ń ta gálà lójú gíláàsì bí ẹni pé ó jókòó tì wá. Bí mo ṣe ń múra láti ki jíà ìkíní, ó jí. Lóòótọ́, atẹ́gùn tútù ń di lílọ́wọ́ọ́wọ́ bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, nítorí pé ẹ́ńjìnnì ló ń yí kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù, ṣùgbọ́n ìyẹn kò bí mi nínú.

Ohun tó dé lẹ́yìn náà ló mú mi dákẹ́. A ti dúró, a ti sún, a ti dúró tó nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá, ìlà bátìrì wà ní márùn-ún. Mo ṣẹ́jú, ó di ọ̀kan. Fáànù kan bẹ̀rẹ̀ sí í hó lẹ́yìn wa lábẹ́ búùtù, ẹ́ńjìnnì kò sì kú mọ́ nígbà tí a dúró. Bátìrì kì í fi ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ iná ìlà mẹ́rin. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló gbà pé márùn-ún ló kù, tó wá rí i pé àwọn kan nínú àwọn ẹyọ bátìrì náà ti gbẹ nígbà tí àwọn yòókù ṣì ní agbára, tó sì yí ìṣirò rẹ̀ padà. Nickel ni irú bátìrì tó wà nínú CR-Z ti ọdún 2011, ooru sì ni ọ̀tá rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ni fáànù yẹn fi ń tù ú lára, tí eruku bá sì ti dí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tàbí tí ọkọ̀ bá ń jókòó sínú oòrùn lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀, àwọn ẹyọ tó wà láàárín á tètè rẹ̀ ju àwọn ti ẹ̀gbẹ́ lọ.

Ẹ̀gbọ́n kò fi pa mọ́. Wọ́n ní ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti pé ríwáyà kan ti gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n jẹ́ kí òun já bátìrì ńlá náà kúrò, kí ọkọ̀ máa fi epo nìkan rìn bíi ti gbogbo ènìyàn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe gbà. Ọkọ̀ yìí kò ní ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti fi pèsè iná fún bátìrì, bíi ti ọkọ̀ mìíràn. Láti ara bátìrì ńlá yẹn ni iná ti ń ṣàn wá sára bátìrì kékeré tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n bá sì já a, ti kékeré náà yóò kú sójú ọ̀nà láìpẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wáyà aláwọ̀ ọsàn tó ti ibẹ̀ jáde kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ lásán àti páláyà fà. Èyí tó sì dùn mí jù ni pé ẹni tó bá já a ti lé ọwọ́ kejì lọ, ó sì fi ẹrù sílẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì kékeré kan tí wọn kò ṣe láti máa dá a gbé. Ohun tí mo rí ní Ìmọ̀tà ní òwúrọ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.

Mo ṣì fẹ́ ọkọ̀ náà. Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé n kò ní dá owó kankan lé e títí a ó fi mọ ipò tí bátìrì náà wà, nítorí pé bó bá jẹ́ pé ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta ló ti rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ sí pé kí a ra odindi tuntun. Mo mọ ẹnì kan ní Ṣábọ̀ tó ń tún bátìrì hybrid ṣe, tó ní ìbọ̀wọ́ rọ́bà rẹ̀ àti mítà rẹ̀, tó máa ń kọ́kọ́ pa súwíìṣì bátìrì náà tí yóò sì dúró díẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. A ti fi Sátidé tó ń bọ̀ ṣe àdéhùn. Yóò tú u sílẹ̀, yóò wọn ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lójú àwa méjèèjì, màá sì kọ iye fóòtì rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn yóò ti kó gbogbo ẹrù inú búùtù kúrò kí a tó dé.